Àpáàdì àtijọ́ ní Èkìtì: bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò láti inú ilẹ̀ títí dé iwájú ẹ̀rọ

Ní Èkìtì, ó ṣòro kí a rí àgbẹ̀ tí ọkọ́ rẹ̀ kò tíì ta lu àpáàdì rí. Ẹ dé orí ahoro ìlú lẹ́yìn òjò, ibi tí àwọn baba ńlá gbé kí wọ́n tó ṣí lọ, ẹ ó rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè: ẹnu ìkòkò, ìdí oru, ikùn ìṣaasùn tí ara rẹ̀ kún fún iṣẹ́ ọnà. Ásíìdì pọ̀ nínú ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wa. Egungun kì í pẹ́ nínú rẹ̀, irin á dípẹtà, igi á jẹrà. Amọ̀ tó ti la iná kọjá ló ń dúró. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn èèyàn ṣe gbé níbí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìtàn wa sílẹ̀, àpáàdì ni yóò kọ́kọ́ bi.

Sáà tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ sànmánì agbedeméjì, ìyẹn nǹkan bí ọdún 500 sí 1000, kò bá kàlẹ́ńdà tiwa mu régé. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà yẹn ló ṣáájú àkókò tí Ilé-Ifẹ̀ gbilẹ̀ jù, láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, nígbà tí wọ́n ń fi àpáàdì tẹ́ ojúde àti àgbàlá. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yẹ ìkòkò ìgbà náà wò lókè òkun kò yàtọ̀ sí èyí tí a lè lò níbí. Òkúta ilẹ̀ wa, oúnjẹ wa àti ọ̀nà tí a ń gbà sun ìkòkò ni ó yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni mo ń kọ èyí fún, àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó fẹ́ kí wọ́n wá hú ahoro wọn. Ẹ jẹ́ kí ohun kan yé wa kí a tó bẹ̀rẹ̀: ẹ̀rọ máa ń dáhùn ìbéèrè ni, kì í ronú ìbéèrè fún ni. Ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ bi àpáàdì, tó kàn kó o lọ sí yàrá àyẹ̀wò, nọ́ńbà lásán ni yóò kó bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìwé àṣẹ, lẹ́yìn náà ààfin

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1979, Dìkírì 77, ló dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti àwọn ohun ìrántí sílẹ̀. Lábẹ́ òfin yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kó wọn jáde ní orílẹ̀-èdè láìgba àṣẹ. Ó kan àpáàdì tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò lókè òkun náà, bó tilẹ̀ kéré tó èékánná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí kí owó iṣẹ́ tó wọlé, nítorí ó máa ń pẹ́.

Ìwé Àbújá kò dípò ààfin. Ẹ bá àgbàlagbà kan tó mọ ilé lọ, kí ẹ lọ kí Kábíyèsí, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ìdílé tó ni ilẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ahoro, igbó orò tàbí ojúbọ ṣì wà, wọ́n ṣì ń bọ ọ́ lọ́dọọdún. Ìkòkò tó bá wà nídìí igi níbẹ̀ kì í ṣe ohun àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni gbàgbé, ohun èlò ẹlòmíràn ni. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: inú kòtò

Ibi tí àpáàdì ti jáde ni ìdajì ìtàn rẹ̀. Tí a bá gbé e kúrò láìkọ ibẹ̀ sílẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó lè dá a padà.

Ẹ gé kòtò lọ́nà igun mẹ́rin, ẹ máa tẹ̀lé àwọ̀ ilẹ̀ bó ṣe ń yí padà. Tí ẹ kò bá rí ìyípadà, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, 10. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀, àpò kọ̀ọ̀kan ní káàdì méjì: ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀, nọ́ńbà kòtò, ìpele, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó hú u. Ẹ fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 5 lọ jọ gbogbo ilẹ̀, kí àwọn tó kéré má bàa sọnù.

Ẹ ṣọ́ra fún sẹ̀ǹtímítà 20 tàbí 30 àkọ́kọ́. Àwọn tó ń kọ ebè iṣu ti da ibẹ̀ rú fún ìran dé ìran, ikán sì ń gbé nǹkan lọ sókè sódò. Ìkòkò tábà, ìyẹn tí wọ́n fi ń fà á, lè ràn yín lọ́wọ́ níhìn-ín. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tábà ti wá, nítorí náà ìpele tó bá ní ìkòkò tábà kò lè dàgbà ju nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún lọ. Ọ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá rí nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó yọ̀, ẹ wo bóyá ihò òkété ló gbé e débẹ̀.

Kí ẹ tó kó gbogbo rẹ̀ lọ fọ̀, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan láìfọ̀. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ mú wọn, nítorí ọ̀rá ìka ọwọ́ yín náà yóò hàn nínú àyẹ̀wò ọ̀rá, ẹ sì fi bébà fàdákà tí wọ́n ń fi dì ẹran di wọ́n. Ọ̀rá máa ń yọ́ wọlé láti ara náílọ́ọ̀nù. Èédú náà, bébà fàdákà ni kí ẹ fi dì í.

Tí ẹ bá kan àpáàdì tí wọ́n tò lórí etí, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì bí ẹni tẹ́ ilẹ̀, ẹ dúró. Irú ilẹ̀ títẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Ilé-Ifẹ̀ fi lókìkí, wọ́n sì ti rí i ní àwọn ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ má ṣe hú u. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wọn ọ́n, ẹ yà á sórí ìwé. Ẹ sì rántí pé ìkòkò tó ti fọ́ tipẹ́ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Ọjọ́ orí ìkòkò àti ọjọ́ orí ilẹ̀ títẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fífọ̀, sísá àti nọ́ńbà

Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Kò sí ọṣẹ, kò sí kàn-ìn-kàn-ìn. Ẹ sá wọn síbi ìbòòji títí wọn yóò fi gbẹ dénú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á hu èbu nínú àpò. Ẹ fi Paraloid B-72, ìyẹn àtè tó mọ́ gaara tí wọ́n ń lò ní mùsíọ́mù, tẹ́ ojú kékeré kan níkùn àpáàdì, níbi tí kò sí ọnà, ẹ fi yíǹkì kọ nọ́ńbà lé e, ẹ sì fi òmíràn bò ó. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú, acetone á yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kíkà, wíwọ̀n àti mímọ irú ìkòkò

Ẹ tò wọ́n sórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí ara ìkòkò: ẹnu, ọrùn, èjìká, ikùn, ìdí. Ẹ kà wọ́n, ẹ sì fi òṣùwọ̀n wọ̀n wọ́n. Kíkà nìkan ń tan ni jẹ. Oru ńlá kan tó fọ́ lè di ọgọ́rùn-ún àpáàdì, kòlòbó kan á di mẹ́ta péré, ẹni tó bá kà wọ́n láìwọ̀n á sọ pé oru ló kún ìlú náà.

Ọ̀nà tó dára jù ni ẹnu ìkòkò. Ẹ ya àwọn òbìrípo sórí bébà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi sẹ̀ǹtímítà kan ju èyí tó wà nínú rẹ̀ lọ, kí ẹ sì pín wọn sí ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbé ẹnu àpáàdì lé e títí yóò fi bá òbìrípo kan mu. Ẹ ó mọ bí ẹnu ìkòkò náà ṣe fẹ̀ tó, ẹ ó sì mọ ìdá mélòó nínú ẹnu rẹ̀ ló kù. Ẹ ro àwọn ìdá náà pọ̀. Tí ẹnu oru bá jẹ́ 15, 25, 40 àti 20 nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo rẹ̀ di 100, ìyẹn iye ìkòkò kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpáàdì mẹ́rin ni ẹ kà.

Fífẹ̀ ẹnu àti gígùn ọrùn ló ń sọ iṣẹ́ tí ìkòkò ń ṣe. Oru tí wọ́n fi ń pọn omi ní ọrùn tóóró kí omi má bàa dànù. Ìṣaasùn fẹnu kí ìpọnbẹ̀ lè wọlé. Ajere ní ihò káàkiri, kò ṣòro mọ̀. Ape fẹjú, kò ní ọrùn. Àwọn yèyé tó ṣì ń mọ ìkòkò lónìí á wo àpáàdì kan, wọ́n á sì dárúkọ ìkòkò tó ti já kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀ yín. Mo gbà pé ẹ kọ orúkọ tí wọ́n bá pè é sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ ìwọ̀n yín náà, nítorí ìrísí ìkòkò ti yí padà láàrin ẹgbẹ̀rún ọdún.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: iṣẹ́ ọnà ara ìkòkò

Ọ̀pọ̀ ọnà ara ìkòkò ilẹ̀ Yorùbá wá láti ara ohun tí wọ́n yí lórí amọ̀ tútù. Igi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí máa ń fi àpẹẹrẹ kan náà sílẹ̀ léraléra. Okùn lílọ́ ń fi ìlà dídábùú tó tẹ̀ léra sílẹ̀. Ṣùkù àgbàdo ń fi àwọn àmì kéékèèké onígun sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ fi amọ̀ àwọn ọmọdé tàbí pilasitín tẹ ọnà náà, kí ẹ rí òdìkejì rẹ̀. Òdìkejì yìí ni ohun èlò amọ̀kòkò gan-an, ó sì sàn ju kí a máa wo ihò lórí àpáàdì.

Àmì ṣùkù àgbàdo ṣe pàtàkì. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wa kí Columbus tó ré òkun kọjá ní 1492. Ìpele tó bá ní i kò lè jẹ́ ti ọdún 900. Àwọn òpìtàn jà sí èyí gan-an ní ọ̀rúndún tó kọjá, nítorí wọ́n rí irú àmì bẹ́ẹ̀ lórí àwọn àpáàdì Ifẹ̀. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó sọ pé ṣùkù ni. Àwọn òdòdó igbó kan wà tí orí wọn ń fi àmì tó jọ ọ́ sílẹ̀, àfi kí ẹ fi awò tó lágbára wò ó kí ẹ tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ojú ìfọ́, ibi tí owó kò pọn dandan

Tí ẹ bá ní owó fún ẹ̀yà kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ yìí, ẹ fi í síbí. Ohun tí ẹ nílò kò ju ẹ̀mú, awò ìlọ́po 10, ìwé àwọ̀ Munsell àti ojú ọ̀sán lọ.

Ẹ fi ẹ̀mú já igun kékeré kan nínú àpáàdì, kí ojú tuntun ṣí. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn wọ inú. Tí àárín bá dúdú, tí etí méjèèjì sì pupa, iná náà kò pẹ́, atẹ́gùn kò sì rí àyè wọ àárín rẹ̀ kó jó ohun ewéko inú amọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìkòkò tí wọ́n sun lórí ilẹ̀ gbalasa, pẹ̀lú igi àti koríko, láìsí ààrò. Tí gbogbo rẹ̀ bá dúdú, bóyá wọ́n fi koríko tútù bo iná mọ́lẹ̀ lópin. Tí ó bá pupa jálẹ̀, iná náà pẹ́.

Lẹ́yìn àwọ̀, ẹ wo àwọn hóró inú amọ̀. Ẹ kọ bí wọ́n ṣe tóbi tó: àwọn tó kéré sí 0.25 mm, àwọn tó wà láàrin 0.25 sí 1 mm, àwọn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ iye tí wọ́n kó nínú ọgọ́rùn-ún ojú ìfọ́ náà, àti bí igun wọn ṣe rí. Hóró tí igun rẹ̀ mú ṣinṣin ni òkúta tí wọ́n lọ̀, tàbí èyí tó jẹrà láti ara àpáta tí kò jìnnà. Èyí tó yí kiriboto ni yanrìn odò. Tí ẹ bá rí hóró tí inú òun náà ní hóró, tó sì ní àwọ̀ amọ̀, àpáàdì àtijọ́ tí wọ́n gún ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ẹ fi èyí pín gbogbo àpáàdì yín sí ẹgbẹ́, ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà. Títí iṣẹ́ yóò fi parí, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni ẹ ó máa lò.

Ojú ìfọ́ àtijọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, èyí sì ni àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí láti inú ìwé òyìnbó máa ń fò dá. Wọ́n á rí èédú ìdáná lára àpáàdì, wọ́n á ní ìkòkò ìdáná ni. Bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé àpáàdì ló tó ko iná lójú: obìnrin tí iná rẹ̀ kú á mú àpáàdì lọ bu ẹyinná nílé aládùúgbò. Ẹ wo ibi tí dúdú wà. Tí ó bá wà lẹ́yìn ìkòkò láti èjìká lọ sísàlẹ̀, ìdáná ni. Tí ó bá gun orí ojú ìfọ́ náà, ìkòkò ti fọ́ kí iná tó kàn án, oru omi sì lè ní irú rẹ̀. Tí ikùn inú bá ń ṣí wẹ́wẹ́ bí ẹni jẹ ẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì mọ́ láìsí èédú, ẹ ronú nípa ohun tó kan, bí ọtí bàbà tàbí ẹmu tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Tí àwọ̀ aró bá wà nínú rẹ̀ tí kò ṣí kúrò, ìkòkò aró ni kí ẹ ronú sí.

Ìgbésẹ̀ keje: lọ bá àwọn tó ń mọ ìkòkò

Ìsàn-Èkìtì lókìkí fún ìkòkò mímọ. Kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, ẹ lọ síbẹ̀ tàbí sí ìlú mìíràn tí iṣẹ́ náà ṣì wà nítòsí ahoro yín. Ẹ kúnlẹ̀ kí àwọn yèyé náà, ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe, kí ẹ sì san owó àkókò wọn. Ẹ bi wọ́n níbo ni wọ́n ti ń wa amọ̀, nígbà wo nínú ọdún, kí ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé amọ̀ kan kò dára, igi wo ni wọ́n fi ń sun ún.

Ẹ gba amọ̀ bíi kìlógíráàmù 2 láti ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá júwe, àti láti etí odò tó sún mọ́ ahoro. Ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò káàkiri àgbáyé fi hàn pé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í rìn ju kìlómítà 7 lọ láti wa amọ̀, púpọ̀ kì í sì í ju kìlómítà kan. Nítorí náà, ibi tí ẹ ó wá ní ààlà. Ẹ fi amọ̀ wọ̀nyí ṣe bíríkì kéékèèké, ẹ sun wọ́n ní 600, 700, 800 àti 900°C. Ìwọ̀nyí ni ẹ ó máa fi àpáàdì yín wé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: gígé tín-ín-rín, àti òkúta Èkìtì

Láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi awò pín, ẹ mú mẹ́ta sí márùn-ún. Wọ́n á gé wọn, wọ́n á sì lọ̀ wọ́n mọ́ gíláàsì títí yóò fi ku 0.03 mm, tí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú òkúta rẹ̀ kọjá. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì ní ẹ̀rọ tó ń ṣe é àti máíkírósíkóòpù tó ń fi àwọ̀ òkúta hàn. Iye rẹ̀ kò tó ti àwọn ẹ̀rọ ńlá, ó sì sábà máa ń sọ ju tiwọn lọ.

Ìṣòro Èkìtì ni pé gbogbo ilẹ̀ wa wà lórí àpáta àtijọ́ kan náà: akọ òkúta, gneiss (àpáta onílà-lílà) àti àwọn ìbátan wọn. Quartz, feldspar àti mica, àwọn hóró tó wọ́pọ̀ jù nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀, ni ẹ ó rí níbi gbogbo. Ẹni tó bá ní ìkòkò òun wá láti ibì kan pàtó nítorí pé ó rí quartz kò tíì sọ nǹkan kan. Àwọn àmì díẹ̀ wà tó ya ìlú sọ́tọ̀, àwọn ni kí ẹ wá. Ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́ àti Adó, àpáta charnockite tó dúdú tó sì rẹ̀ sí àwọ̀ ewé wà, inú rẹ̀ ní pyroxene, irú hóró dúdú kan tí akọ òkúta lásán kì í sábà ní. Ní ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Òkèmẹ̀sí, òkè quartzite, àpáta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ quartz nìkan, ló na ara rẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹja, òun náà ni omi gbígbóná Ìkógòsì ń gbà jáde. Amọ̀ ibẹ̀ á kún fún hóró quartz tó so mọ́ra, feldspar á sì ṣọ̀wọ́n. Ní Ìjerò, pegmatite (àpáta tí hóró rẹ̀ tóbi gan-an) àti kaolin (amọ̀ funfun) pọ̀, tourmaline, irú hóró òkúta tó ṣọ̀wọ́n, náà wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí tourmaline nínú ìkòkò kan tí ẹ hú nítòsí Ìkẹ́rẹ́, ẹ ti rí ìbéèrè gidi: ta ló rù ú wá, tàbí ta ló fẹ́ ọmọ Ìjerò?

Nínú iṣẹ́ náà, ẹ ka hóró, ẹ má ṣe fojú wò lásán. Igba sí ọ̀ọ́dúnrún ojú kan lórí àpáàdì kan tó.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: èròjà inú amọ̀

Tí òkúta bá jọra jù, èròjà tó kéré jù ló ń yà wọ́n. Ẹ̀rọ XRF tí a ń gbé lọ́wọ́, tó ń fi X-ray ka èròjà, yára, kì í ba àpáàdì jẹ́. Ẹ lò ó lórí ojú ìfọ́ tuntun, kì í ṣe lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ràn, kí ẹ sì kà á níbi tó tó márùn-ún, nítorí hóró ńlá kan lè gba gbogbo ojú ẹ̀rọ. Rubidium, strontium, zirconium, niobium àti yttrium ni ẹ lè gbára lé. Phosphorus, calcium àti manganese máa ń wọlé láti inú ilẹ̀ nígbà tí àpáàdì wà nísàlẹ̀, ẹ fura sí wọn. Pegmatite sábà máa ń ní rubidium púpọ̀, nítorí náà ẹ fi èyí wé ohun tí máíkírósíkóòpù sọ nípa Ìjerò.

Ẹni tó bá fẹ́ jinlẹ̀ kò pọn dandan kó rékọjá òkun. Ní Yunifásítì Àmádù Béllò ní Zaria, ẹ̀rọ reactor kékeré NIRR-1, ìyẹn ẹ̀rọ agbára átọ́mù fún ìwádìí, ti ń ṣiṣẹ́ láti 2004, àyẹ̀wò èròjà nípasẹ̀ neutron sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rọ accelerator 1.7 MV wà, tó ń mú ẹ̀rún inú átọ́mù sáré, tó sì lè fi proton ka èròjà. Ìyẹn súnmọ́ Èkìtì tó láti gbé àpò lọ fúnra yín.

Ẹ má ṣe fi irin ìlu oní-tungsten gbẹ́ lẹ́búlẹ́bú tí ẹ ó fi ránṣẹ́. Tungsten àti cobalt ara rẹ̀ á wọnú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: bí iná ṣe gbóná tó

Ìkòkò tí a sun ní gbalasa kì í sábà kọjá 600 sí 850°C. Ẹ fọ́ ẹ̀rún kéékèèké láti ara àpáàdì kan, ẹ dá wọn padà sínú ààrò oníná ní 600, 700, 800, 900°C. Títí dé ìwọ̀n tí wọ́n sun ún sí látijọ́, kò ní yí padà púpọ̀. Bó bá kọjá rẹ̀, àwọ̀ àti líle rẹ̀ á yí. Ẹ̀rọ XRD, tó ń fi X-ray mọ irú òkúta inú amọ̀, lè fi ẹsẹ̀ èyí múlẹ̀: kaolin máa ń tú ká ní nǹkan bí 550°C, mica funfun kì í sábà kọjá 950, mullite, irú òkúta tí iná líle ń dá sínú amọ̀, kò sì ní í fara hàn tí iná kò bá tó nǹkan bí 1,000.

Ìgbésẹ̀ kọkànlá: oúnjẹ inú ìkòkò

Amọ̀ máa ń mu ọ̀rá sínú, ó sì lè pa á mọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní àárín Nàìjíríà, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021 rí ìda oyin nínú ìkòkò àwọn ará Nok, èyí tó pẹ́ tó 3,500 ọdún. Ẹ mú lára àwọn àpáàdì àìfọ̀ tí ẹ yà sọ́tọ̀, ẹ yan ọrùn àti ẹnu, kì í ṣe ìdí, nítorí ọ̀rá máa ń léfòó lórí ọbẹ̀. Bíi gíráàmù 2 tó. Wọ́n á ha òde rẹ̀ kúrò, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi GC-MS, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà ọ̀rá sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kà á.

Epo pupa máa ń fi palmitic acid púpọ̀ sílẹ̀, ọ̀rá ẹran sì ń fi stearic acid hàn. Ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù 13 sí kábọ́ọ̀nù 12 inú ọ̀rá náà lè ya iṣu àti ẹyìn sọ́tọ̀ kúrò lára ọkà bàbà àti àgbàdo. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sáré sọ pé ọbẹ̀ ni. Epo pupa ti tan fìtílà, ó ti pa ara, ó ti rọ ojúbọ. Ìrísí ìkòkò àti èédú ara rẹ̀ ni yóò sọ èwo ni.

Ìgbésẹ̀ kejìlá: ọjọ́ orí

Ọ̀nà méjì ni mo fara mọ́, ó sì dára kí ẹ lo méjèèjì pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni kábọ́ọ̀nù 14, tí ìdajì rẹ̀ ń pòórá láàrin ọdún 5,730. Àpáàdì kọ́ ni wọ́n sábà ń kà, ohun tó jóná nínú ìpele kan náà ni. Ẹ má ṣe yan èédú igi ńlá. Inú ìrókò lè ti pé igba ọdún kí wọ́n tó gé e, ọjọ́ tí ẹ ó rí á wá dàgbà ju ti ìkòkò lọ. Èésan ẹyìn tó jóná ló dára jù, nítorí ẹyìn kì í lò tó ọdún kan kó tó gbó. Ó pọ̀ ní Èkìtì, ó le, ó sì ń dúró. Ẹ béèrè fún ọjọ́ tí wọ́n ti fi òṣùwọ̀n àgbáyé tún ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ bí sáà, fún àpẹẹrẹ láàrin 890 sí 1020, kì í ṣe bí ọdún kan.

Èkejì ń ka ìkòkò fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sun ún, hóró quartz rẹ̀ ti ń kó agbára tó ń jáde láti ara ilẹ̀ àyíká jọ. Bí wọ́n bá tún mú un gbóná, ó máa tan ìmọ́lẹ̀ tí a lè kà. Àpáàdì tó ju mìlímítà 5 lọ ní nínípọn ni kí ẹ yàn, kí ẹ gbé e sínú àpò dúdú lójú ẹsẹ̀, kí oòrùn má kàn án, kí ẹ sì kó ilẹ̀ tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 yí i ká, nítorí láìsí ilẹ̀ yẹn wọn kò lè ṣe ìṣirò. Àṣìṣe rẹ̀ sábà máa ń wà láàrin 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ohun tó pé ẹgbẹ̀rún ọdún, ìyẹn á jẹ́ 50 sí 100 ọdún síwájú tàbí sẹ́yìn. Ó tó láti ya ìgbà Ifẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà tábà, kò tó láti mọ ọba tó wà lórí oyè.

Tí kábọ́ọ̀nù àti ìmọ́lẹ̀ bá ta ko ara wọn, ẹ padà sí káàdì inú àpò. Níbẹ̀ ni wàhálà sábà máa ń wà, pàápàá tí àpáàdì náà bá wá láti sẹ̀ǹtímítà 30 òkè.

Ìpamọ́

Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo àpẹẹrẹ sílẹ̀ láìfọwọ́kàn, pẹ̀lú àwọn tí ẹ kò fọ̀. Ẹ kó àpáàdì sínú àpò tó ní ihò kí atẹ́gùn lè wọlé, káàdì inú kò gbọdọ̀ kúrò, kí ẹ sì fi wọ́n sí ibi tí ìwé àṣẹ yín dárúkọ, kì í ṣe sí ilé alága ẹgbẹ́ ìlú. Ẹ fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀, fọ́tò àti àwòrán ẹnu ìkòkò sí ààfin àti sí ilé ẹ̀kọ́ girama tó sún mọ́ ahoro náà, ní èdè Yorùbá, kí àwọn yèyé tí ẹ bi léèrè lè gbọ́ ohun tí ẹ rí.